Ohùn Tó Pe Àjíbíkẹ́ Létí Adágún

Lẹ́yìn Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ l’Ékòó, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti gbẹ́ adágún sílẹ̀ láti máa fi tọ́jú omi kó tó kógbá wọlé, obìnrin kan máa ń jókòó sórí táyà, ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́. Tàwàkálítù lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Jakande tí wọ́n jọ ń gbé ń pè é ní Ìyá Súnkànmí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé máa ń rín òun àti ọ̀pá ọparun rẹ̀ rín, òun náà a sì máa rín wọn. Wọ́n á mú ẹja tí kò ju ọmọ ìka lọ, wọ́n á wá máa ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni pé ìyàwó tuntun ni wọ́n gbé wọlé.

Ìwó ni wọ́n ti bí i, létí odò Ọ̀bà. Obìnrin ṣáá ni bàbá rẹ̀ ń bí, kò rí ọkùnrin tó máa fi iṣẹ́ ẹja lé lọ́wọ́, ló bá fi lé ọmọ yìí lọ́wọ́. Òun náà ló sọ ọ́ ní Àjíbíkẹ́. Nígbà tí bàbá kú, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pe orúkọ yẹn, ìyẹn Gàfárù ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Apákun. Bí Gàfárù bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni yóò ti máa ké “Àjíbíkẹ́ o!” títí gbogbo ilé á fi mọ̀ pé Bàbá Súnkànmí ti dé.

Àìsàn ìgbàgbé tó mú Gàfárù ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó kọ́kọ́ kó kọ́kọ́rọ́ lọ, ó kó ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ó kó Súnkànmí tó wà ní Ìlọrin lọ, ó wá kan ìyàwó. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí Gàfárù ti ń wo Tàwàkálítù bí ìyá àgbà kan tó kàn ń ṣe é lóore.

“Ẹ ṣé o, ìyá,” ni yóò wí. “Ìgbà wo ni ìyàwó mi máa dé?”

“Ó máa dé láìpẹ́,” ni Tàwàkálítù yóò fèsì, á sì yára wọ ilé ìdáná lọ.

Kò bẹ Ọlọ́run pé kí àìsàn náà lọ, torí dókítà ti sọ fún un pé kì í lọ. Ohun tó ń tọrọ lórí ẹní ìrun rẹ̀ kò ju pé kí ọkọ òun pe òun lórúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ikú tó ya àwọn. Ìdí ẹja yìí náà nìyẹn. Gàfárù kì í fẹ́ jẹun mọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣa eegun kúrò lára epìyà adágún yẹn, a la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Tàwàkálítù gbà pé ẹni tó ṣì mọ adùn ẹja òun lè rántí òun náà lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, ó fi ọkọ rẹ̀ sọ́dọ̀ Felicia tí yàrá wọn kọjú síra, ó gba etí omi lọ. Òjò ṣú. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ìwọ̀ rẹ̀ ni ohùn kan dún láàárín koríko lẹ́yìn rẹ̀.

“Àjíbíkẹ́!”

Kò yíjú padà. Nílé wọn, ẹni tó bá wà létí omi kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí, kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn tí omi ti gbé lọ ló ń wá ẹnì kejì, wọ́n sì lè yá ohùn ẹni téèyàn mọ̀ lò. Alààyè tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ á rìn yí wá síwájú rẹ, tàbí kó pàtẹ́wọ́. Gàfárù mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ṣe ló máa ń pàtẹ́wọ́ láti òkèèrè.

“Àjíbíkẹ́ o! Àjíbíkẹ́!”

Ta ló tún ń pe orúkọ yẹn ní Ìsọlọ̀? Ọkọ rẹ̀ wà nílé, kò sì mọ orúkọ kankan mọ́. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló wá sí i lọ́kàn. Ó di ọ̀pá mú gírígírí, ó ń ka àdúrà sábẹ́ ahọ́n, ó tẹjú mọ́ omi. Ohùn náà tún pè, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ìgbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni Gàfárù yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ìyàwó mi? Ibí ló ti máa ń pẹja. Mo pè é títí, kò dá mi lóhùn. Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?”

Ọ̀pá jábọ́ lọ́wọ́ Tàwàkálítù. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú. “Èmi nìyí! Bàbá Súnkànmí, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni ẹ ń pè. Mo gbọ́ yín!”

Gàfárù wò ó, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kan àgbàlagbà lábùkù. “Rárá o, ìyá. Ìyàwó tèmi ò tíì dàgbà tó yín.”

Felicia sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ẹ má bínú, mà! Aṣọ ni mo ní kí n kó lórí okùn torí òjò, kí n tó padà, wọ́n ti jáde.”

“Ìwọ kọ́,” ni Tàwàkálítù wí, omijé bò ó lójú. “Ìwọ kọ́ rárá, Felicia. Èmi tí wọ́n pè tí mi ò jẹ́ ni.”

Wọ́n mú un lọ sílé, wọ́n wẹ̀ ẹ́. Tàwàkálítù se ìwọ̀nba ẹja tó rí pa, ó ṣa eegun rẹ̀, ó ń fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Gàfárù jẹ ẹ́ tán. Tàwàkálítù wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́, pé ìyàwó máa dé láìpẹ́, àmọ́ ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lápá.

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́, ìyá,” ló wí. “Ó wà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi. Kò kàn fẹ́ dáhùn ni.”

Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ìyàwó rẹ̀ mọ́.