Ọjọ́ Tí Mo Tú Òwú fún Màmá

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá wọ ẹ̀yìnkùlé wa ní Kàbà. Abẹ́ igi máńgòrò ni òfì Màmá wà, ìkòkò omi tí wọ́n fi ń rẹ òwú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Èmi tí mò ń ṣèwádìí kòkòrò ibà dẹ́ńgè ní yunifásítì, mo ra nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì ń yangàn kiri. Mo gbàgbé pé ojúmọmọ ni ẹ̀fọn dẹ́ńgè ń jẹni, inú irú ìkòkò yẹn ló sì ń yé sí. Gbogbo ìwé tí mo kà, àsán!

Nígbà tí mo wálé lọ́dún kan, ibà ti dá Màmá wó. Wọ́n ti lo oògùn ibà tán, ara ò yá. Àbúrò wọn, Ìyá Kékeré, tó máa ń tú òwú fún wọn, ti ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì. Bí mo ṣe rí i tí èrìgì Màmá ń ṣẹ̀jẹ̀, mo já oògùn náà gbà, torí irú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i, a sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dẹ́ńgè ni lóòótọ́.

Dókítà ní kò sí oògùn tó ń pa á, àfi omi, ìsinmi, ká sì máa ṣọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò lè purọ́ fún ẹ. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá béèrè ohun tí kòkòrò náà ń ṣe nínú ara àwọn. Mo ní ó ní òwú kan tó kó gbogbo ìṣẹ̀dá rẹ̀ sí. Purotéènì méjì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú kòkòrò náà, ló ń dì mọ́ra wọn lórí òwú yẹn: ọ̀kan ń tú u, èkejì ń fi í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tiwa ni láti wá ohun tó máa yà wọ́n.

Màmá wo Ìyá Kékeré tó jókòó tì wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Àwa méjèèjì nìyẹn. Má wulẹ̀ wá yà wá o!"

Háà, ẹ̀rín yẹn! Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà dá, tí wọ́n béèrè oúnjẹ.

Nígbà tí a padà sílé, mo da omi ìkòkò nù, mo wá ọmọrí fún un. Lọ́jọ́ tí Màmá tún jókòó sídìí òfì, Ìyá Kékeré ti lọ sóko.

"Ìwọ, wá tú òwú fún mi."

Mo tú u, ó lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n bú mi dáadáa. Èébú yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Títí dòní, bí mo ṣe máa ya ẹni tó ń tú òwú kòkòrò náà kúrò lára èkejì rẹ̀ ni mò ń wá lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń tú u, Màmá mi ló sì ń hun ún.