Lẹ́tà Tí Kò Fẹ́ Kà fún Ìyá Àgbà

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ni ó máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa láràárọ̀. Lẹ́yìn ògiri ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìsúndunrìn, àwọn obìnrin kan pàgọ́ síbẹ̀ tí wọ́n ti ń yan gààrí, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ sọ́dọ̀ wa, òórùn kíkan náà á bá wa jókòó títí aago ìsinmi yóò fi lù. N kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Faransé ni mo kà ní yunifásítì, mo fi èdè Sípéènì kún un, ọ̀gá ilé-ìwé sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní méjèèjì. Ọmọ mẹ́ta péré ni ó ń jókòó ti Sípéènì. Ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ agbègbè Ẹ̀jìgbò: agboolé wo ni kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn? Orúkọ yẹn náà sì ni àwa fi ń pe gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún, ìbáà jẹ́ etí òkun ni ẹni náà wà tàbí inú ìgbèríko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gbọ́ "bonjour" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ìyá wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kejì àgbà tí wọ́n bí sí ọ̀hún. Ọmọ ilẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ Ìsúndunrìn. Ìlú kékeré kan tí ó jìnnà ni wọ́n ń gbé, níbi tí ará ilé wa kankan kò sí. Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má baà dúró. Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Èmi tí mo kọ́ èdè náà nínú ìwé, tí mo há gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sórí, ni mo dúró níwájú ọmọ tí ó fi í sunkún ìkókó. Kò fi mí ṣẹ̀sín rí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, yóò dúró títí kíláàsì yóò fi tú, yóò wá bá mi jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́ mà, báyìí ni àwa ṣe máa ń pè é." Ìyẹn mú kí n fà á mọ́ra. Òun ni mo máa ń ní kí ó ka ìwé sókè fún àwọn yòókù.

Ní sáà kejì ọdún náà, ó ṣàdédé dákẹ́. Mo ní kí ó kàwé, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀fun náà ló tún ní. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dìde, ó tẹjú mọ́ ìwé náà, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn pé òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo rò pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, mo ní kí ó wà lórí ìdúró títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ó dúró, kò wo ẹnikẹ́ni. Títí di òní, nǹkan yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìyá àgbà wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń dá, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ nínú ìjọ kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n tú kókó etí ìró wọn, wọ́n mú lẹ́tà kan jáde.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ ọmọ mi ló fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Àbíjàn. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ọmọ yìí kà á fún mi, ó ní ìwé náà ò hàn sí òun. Ẹ bá mi wò ó."

Mo ṣí i. Ìwé náà hàn gbangba. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá gbọ́ Faransé á kà á. Ọmọ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí. Ó ní ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn sì ti sin ín. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, kí ọmọ òun wá àgbàlagbà kan tí yóò bá a sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, n kò lè gbójú sókè.

"Màmá," ni mo wí, "kò hàn dáadáa lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi títí di ọ̀la."

Wọ́n wo ojú mi. "Kò burú," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀yìn kíláàsì. Bó ṣe rí lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, kò sunkún. Ó kàn kúnlẹ̀. "Màdáàmù, ẹ má sọ fún wọn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Tí àwọn náà bá lọ, ta ni mo ní níbí?" Ìgbà náà ni ó tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ìjọ dé, yóò gbé fóònù sétí níwájú ilé, yóò máa fọ Faransé bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Yóò wá wọlé sọ fún ìyá àgbà pé ara Màmá ń yá díẹ̀díẹ̀, pé àwọn dókítà ò tíì gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ kàwé mọ́ ní kíláàsì. Ó ní, "Tí mo bá ti la ẹnu kà á sókè, ohùn Màmá mi ni mò ń gbọ́."

A kì í dá ẹnu kan túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Mo tọ ìyàwó pásítọ̀ wọn lọ àti baálé agboolé wọn, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọmọ náà wọlé tọ ìyá àgbà. Baálé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúkọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ni ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ mi ti kú."

Baálé yíjú sí mi.

"Ọjọ́ tí ìwé náà dé ni mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Ojú ẹni tó ń kà á ni mo wò. Fóònù tó sì ń gbé sétí yẹn, iná rẹ̀ kì í tàn."

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ wá gbé e wá fún mi?"

Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "tí mo bá ní mo mọ̀, ọmọ yìí á rò pé òun ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀, ẹrù náà á wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu àgbà ló ti jáde. Ìwọ lo gbọ́ èdè yẹn, ni mo ṣe tọ̀ ọ́ wá."

Ìgbà náà ni ọmọ náà tó sunkún. Ó fi orí lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní Faransé, ìyá àgbà ń pe ọmọ wọn ní Yorùbá, èmi sì ń gbọ́ méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan náà lábẹ́ òrùlé kan, tí olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ ṣe.

Ní bí ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá jókòó ti àwọn, àwọn fẹ́ fèsì sí ọkọ ọmọ àwọn. Ìyá àgbà ń sọ ọ́, ọmọ náà ń kọ ọ́ ní Faransé. N kò tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Sọ fún un pé ó kú aráfẹ́rakù." Ọmọ náà gbé bírò sókè, ó wò mí.

"Màdáàmù, kí ni wọ́n ń pè é ní Faransé?"

Mo wá a nínú gbogbo ohun tí mo kà. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ni kẹ́dùn ní Faransé, ṣùgbọ́n kò sọ pé àwọn ará ti fẹ́ ara wọn kù. "N ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe jẹ́, ó wá fi ìlà mẹ́rin ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó yege ìdánwò rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó máa ń wá wo ìyá àgbà lọ́dọọdún. Èmi náà ti kúrò nílé-ìwé yẹn. Mo ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ pé èdè dára fún iṣẹ́ àti ìrìn-àjò, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí n kò tíì rí bí mo ṣe lè fi kọ́ wọn: ẹni tó ń gbọ́ èdè fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìròyìn ikú máa ń kọ́kọ́ bá, òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn kí i kú aráfẹ́rakù.