Kòtò Tí Wọ́n Gbẹ́ fún Ìyá

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ilé wa ní Òwu ni ẹ̀rù ti bà mí jù láyé mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ìyá bàbá mi ń gbé pẹ̀lú wa, Ìyá sì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn ara wọn ò yá, dókítà ti wá wò wọ́n, wọn kì í jáde ní yàrá. Bàbá mi, tíṣà tó fẹ́ràn òdòdó bí ẹni máa jẹ ẹ́, ti ra ère obìnrin tó ru ìkòkò omi lẹ́bàá títì ní Kọ́bapẹ́, wọ́n fẹ́ gbé e sáàárín òdòdó iwájú ilé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún èmi.

Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, mo bá bàbá mi àti bíríkìlà nídìí kòtò, bíríkìlà ń fi ṣọ́bìrì po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn àti òkúta.

"Tíṣà, ṣé kò tíì jìn tó ni?"

"Ẹ jẹ́ kó jìn sí i. Ìyá wúwo. Bó bá ti débẹ̀, mi ò fẹ́ kó mì mọ́."

Àyà mi já. Láyé ìgbà yẹn, inú ilé la ń sin àgbà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni sàréè bàbá àgbà wà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ dáadáa, orí rẹ̀ la ti ń ṣeré. Èyí tó tún wá burú jù ni pé bàbá mi kì í pe Ìyá ní "ó" láéláé, "wọ́n" ni. Bó bá ti wá di "ó", a jẹ́ pé wọ́n ti ka Ìyá mọ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ikọ́ wọn láti ojú fèrèsé!

Mo sá wọ yàrá, mo di ẹsẹ̀ Ìyá mú.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká sá lọ. Bàámi ti gbẹ́ sàréè yín."

Mo rò pé wọ́n á bú mi ni. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú pinpin. "A jẹ́ pé ohun tí dókítà sọ fún bàbá rẹ nìyẹn, pé mi ò ní yè é," ni wọ́n rọra wí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá bẹ̀rù, nítorí mi ò tíì rí i rí kí ẹ̀rù ba Ìyá.

Wọ́n di ògiri mú títí wọ́n fi dé iwájú ilé, wọ́n wo kòtò náà.

"Ọmọ mi, ṣé o ò lè ní sùúrù kí n kú ná?"

Bàbá mi wo Ìyá, wọ́n wo kòtò, wọ́n wá wò mí. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn. "Ìyá, ère ni o! Ère obìnrin tí mo rà ni mo pè ní ìyá!"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga wá, kí wọ́n da kọnkéré náà lójú àwọn. Ìgbà tí kòtò kún dẹ́nu ni wọ́n tó gbà kí n mú wọn wọlé.

Ìyá pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la sì sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn.

Lóde òní, itẹ́ òkú tó jìnnà ni wọ́n ń gbé àgbà lọ. Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá rí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò, wọ́n á ní táǹkì omi ló fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà wọ́n, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo bi àgbà inú wọn léèrè ibi tí wọ́n sin ìyá ìyá rẹ̀, àna mi, sí. Ó ní òun ò mọ̀.