Kẹ̀kẹ́ Tí Mùkáílà Ṣe fún Àsmá'ù

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ní Ìwó ni pé àńjọ̀nú ti gba ìyàwó mọ́ Mùkáílà lọ́wọ́. Wọ́n ní inú kẹ̀kẹ́ ológeere kan ni àńjọ̀nú náà ń gbé, Mùkáílà fúnra rẹ̀ ló fi sípánà dè é mọ́bẹ̀, òun ló sì gbé Àsmá'ù lọ sí Ilé-Ogbó tí kò dá a padà mọ́. Kí ọ̀rọ̀ tó dé àdúgbò wa, wọ́n ti so yìgì fún àńjọ̀nú, lèmọ́mù ti ṣàdúrà, àwọn àna sì ti ń bi í léèrè bóyá ó máa ń jẹ ata.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni Mùkáílà ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ tí ipata ti jẹ tán, tí adìyẹ ti pamọ sí lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó gùn ún lọ sílé. Àmọ́ ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ògiri máa ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti ń yá. Láràárọ̀ ló máa ń gbé Àsmá'ù sórí káríà ẹ̀yìn lọ sí Ilé-Ogbó, níbi tí obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni yóò máa rojọ́ sínú afẹ́fẹ́, ìyàwó rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà máa ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn kí wọ́n tó rí wọn.

Ìgbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Mùkáílà. Ní orí òkè, Àsmá'ù a sọ̀ kalẹ̀, a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ń ti ọkọ. Ló bá wá kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà tí wọ́n ń fi gun òkè, ó sì wá ẹ́ńjìnnì oníná tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Kì í ṣe àárín táyà ló fi í sí. Ó yọ ọ̀pá tó so pẹ́dà méjèèjì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ pọ̀, ó ki ẹ́ńjìnnì bọ ibẹ̀, kí ó lè máa fa ṣéènì fúnra rẹ̀ bí òkè bá le. Bátìrì ló kù. Kò gba àárín irin, torí náà ó yọ káríà, ó sì de bátìrì síbẹ̀.

Àsmá'ù wò ó títí. "Bàbá Zakiyyah, ibo lèmi máa jókòó?"

"Iwájú. Ìwọ lo máa gùn ún."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo máa wà. O ò ní máa pẹ́ dé ilé kéú mọ́."

"Mi ò sọ fún yín pé mò ń pẹ́."

Mùkáílà rò pé àwàdà ni.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́. Múyìíwá ọlọ́kadà, tí ariwo ọ̀kadà rẹ̀ ń jí òkú ní Olúpọ̀nnà, búra pé Ìyá Zakiyyah kọjá lára òun tòun ti híjáàbù bí ẹni pé òun dúró ra epo.

Ṣùgbọ́n nílé, ó di pé lálẹ́ Mùkáílà á bi í pé, "Ṣó ṣiṣẹ́?" Àsmá'ù á ní, "Ó ṣiṣẹ́." Ọkọ á ki bátìrì sí iná kó lè gba agbára, ọ̀rọ̀ tán. Zakiyyah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ n'Íbàdàn. Ilé dákẹ́ bíi mọ́sálásí lẹ́yìn Ìṣáà.

Àsmá'ù bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sílé Ọláṣùpọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ilé-Ogbó bí òjò bá ṣú. Nígbà tó yá, kò dúró de òjò mọ́. Àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkọ òun ò ṣẹ òun. Ọláṣùpọ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ náà padà wá, ó fi í ti ara ògiri, kò lè wo ojú àna rẹ̀.

Mùkáílà tú ẹ́ńjìnnì, ó dá káríà padà, ó sì fi orúnkún dídùn yẹn tẹ kẹ̀kẹ́ dé Ilé-Ogbó. Àsmá'ù bu omi fún un. Ó fọwọ́ kan káríà náà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Zakiyyah. Ó ti sú mi ni." Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Múyìíwá ń ṣàlàyé fún èrò kan ní ibùdókọ̀ pé kì í ṣe àńjọ̀nú o, ọkùnrin olówó kan ní Ilé-Ogbó ni. A ń rẹ́rìn-ín. Mùkáílà rékọjá títì wá bá wa.

"Múyìíwá, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, bùọ̀dá. Eré la ń ṣe."

"Àsmá'ù ò sì sá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ tí kò padà wá mọ́, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n sin òun dé ìsàlẹ̀ òkè, kí a jọ máa sọ̀rọ̀ lọ. Irin kan ni mò ń dè lọ́wọ́. Mi ò gbójú sókè. Mo ní kó máa lọ, pé bátìrì ti kún." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Bí ẹ bá tún ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́."