Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Bàbá Ẹni

Inú ṣì ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iyere, alàgbà tó ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ká gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ ogun tí à ń gbọ́ nínú rédíò. Ó ní àwọn ará Palẹsítínì yẹn, Filísítínì inú Bíbélì gan-an ni wọ́n, ọmọ Gòláyátì, kí Ọlọ́run tún gbé òkúta Dáfídì jáde sí wọn. Ìjọ ṣe àmín. Bàbá mi, tó jókòó tì mí, bá wọn ṣe é.

Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà ní Ọ̀wọ̀. Mi ò tọrọ àyè tí mo fi dìde. Mo ní Filísítínì tí Dáfídì bá jà ti parẹ́ tipẹ́, orúkọ ló jọra. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará Palẹsítínì yìí. Igi ólífì ni tiwọn, bí kòkó ṣe jẹ́ tiwa. Sójà Ísírẹ́lì gba ìlú wọn, ìjọba ń gba oko wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé fún ẹlòmíì sórí rẹ̀. Kànga pàápàá, àṣẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ọmọ olóko wá ń jí ní kùtùkùtù, ó ń fi káàdì han sójà kó tó lè lọ ṣe lébìrà. Ó ń san owó orí fún ìjọba tí kò dìbò yàn. Ẹni tó bá la ẹnu, ẹ̀wọ̀n. Wọ́n na ọmọ, wọ́n tún ní kó má sunkún! Nígbà tí ọkọ̀ ńlá sójà wá tẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pa lọ́dún 1987, ìlú dìde. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ̀ láti san owó orí, àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n má bàa ra ọjà ẹni tó ń jọba lé wọn lórí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣa òkúta. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lápá méjèèjì láti ìgbà náà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni Dáfídì níbẹ̀?

Alàgbà ní ilé Ọlọ́run la wà, a ò sí ní kíláàsì. Ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ o. Òun ni máníjà ọgbà ọ̀pẹ ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ifọ́n, kòkó bàbá bàbá mi ló sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ní ìdàgbàsókè ni, wọ́n hú kòkó, wọ́n gbé ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Bàbá mi di alágbàṣe níbẹ̀, káàdì lọ́rùn bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n gbà á láyè kó gbin iṣu sáàárín ọ̀pẹ, tó bá sì wa á tán, á ru ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún wọn. Ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àlejò ń gbé fún onílẹ̀ kó má bàa gbàgbé pé àlejò lòun!

Bàbá mi kọjú sí mi. Ó bi mí bóyá àwọn ará Palẹsítínì yẹn náà ń san ìṣákọ́lẹ̀.

“Wọ́n ń san án, Bàbá, fún ẹni tó gba ilẹ̀.”

Alàgbà ní kí Bàbá, tó dàgbà jù nínú wa, wá fi àdúrà lé àwọn Filísítínì lọ kí á lè túká. Iṣu Bàbá mi ṣì wà nínú ebè, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ alàgbà yìí. Èmi tí mo ti ń pariwo látàárọ̀, mo fa aṣọ rẹ̀, mo ní kó ṣáà gba àdúrà náà.

Ó ní, “Alàgbà, mi ò lè ṣẹ́ èpè fún ara mi. Filísítínì ni mí.”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sìn ín dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ gba káàdì lọ́rùn rẹ̀, ó ní wọ́n ní kó má wọlé mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn títí ohùn mi fi há. Bàbá mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ó dúró, ó ń wo ewé iṣu rẹ̀ lẹ́yìn wáyà. Ó wá béèrè pé àwọn ará Palẹsítínì yẹn, báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó lábẹ́ sójà kí wọ́n tó ṣa òkúta.

Mo ní bí ogún ọdún.

“Lọ́dún tó ń bọ̀,” ó ní, “tiwa náà á pé ogún.”