Wolé-wolé Tó Ń Gbé Ládùúgbò

Nígbà tí ìjọba ní kí iṣẹ́ ìmọ́tótó kúrò lábẹ́ ìpínlẹ̀, kó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, inú mi bà jẹ́ gan-an. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣe wolé-wolé. A ó wọ kákí, a ó máa yẹ ilé onílé wò: kànga, ṣáláńgá, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Wọ́n wá gbé mi lọ sí Ìkọ̀tún, nítòsí Ìgàndó tí mo háyà yàrá sí. Lójú tèmi, ìrẹ̀sílẹ̀ gbáà ni.

Ọ̀gá mi tuntun, Bàbá Àjàní, ọmọ bíbí Ìkọ̀tún, sọ pé ilé tí mò ń gbé gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Kànga onílé mi, Bàbá Ràṣídì, sún mọ́ ṣáláńgá jù. Tẹ́lẹ̀, Ìkẹjà la ó ròyìn irú ẹ̀ fún, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ní báyìí, àṣẹ láti tì í ti wà lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo lèmi àtàwọn ọmọ mi ní. Tí bàbá yìí bá lé wa jáde, mi ò mọ ibi tá a máa forí lé.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí onílé mi dáadáa, kí n tó sọ tìjọba. Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa o. Ẹni tó wọ kákí kì í kúnlẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo kí Bàbá Ràṣídì tilé-tọ̀nà, mo wá sọ pé a máa ti kànga wọn.

Bàbá Ràṣídì ní:

"Ìyá Bùnmi, àwọn tó ń wá láti Ìkẹjà, a máa ń ṣe wọ́n lálejò, wọ́n á sì lọ. Ìwọ ńkọ́? Ibo lo máa lọ?"

"Kò síbì kankan, Bàbá. Omi yẹn náà lèmi àtàwọn ọmọ mi ń mu."

Lọ́jọ́ náà la ti kànga ọ̀hún pa. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń kí wọn tí wọ́n kàn ń mirí. Àwọn ayálégbé yòókù ń bú mi lẹ́yìn torí pé ọ̀nà jíjìn la wá ti ń pọnmi. Mo ti ń wá yàrá míì kiri. Bàbá Àjàní nìkan ló ń bá mi tu Bàbá Ràṣídì nínú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á jókòó ti onílé mi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọmọ. Mi ò lè dúpẹ́ oore yẹn tán láé.

Ní Sátidé kan, àwọn tó ń gbẹ́ kànga tí Bàbá Ràṣídì pè dé. Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ kànga tuntun sí, ó jìnnà sí ṣáláńgá dáadáa. Nígbà tí omi mọ́, gbogbo wa sáré gbé korobá jáde. Bàbá Ràṣídì na ọwọ́ sókè.

"Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí wolé-wolé wa kọ́kọ́ fà."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ kákí, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní tiwọn rí. Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń gba okùn lọ́wọ́ wọn.