Wọ́n Mú Àlàbí ní Ìdànrè

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí Káríìmù awakọ̀ fi ń fun fèrè lọ́rì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ẹdẹ, gbogbo ajá àdúgbò sì ń dá a lóhùn. Ìyàwó àbúrò ìyá mi ló bá mi gbé àpò dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Adùnkẹ́ ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí ẹ bá débẹ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ má wulẹ̀ kánjú padà."

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Àlàbí, bàbá Adùnkẹ́, àbúrò ìyá mi, ti pẹ́ ní Ìdànrè, ní apá Aládé, níbi tó ti ń ṣe oko kòkó fún àwọn onílẹ̀. Ìdána ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ìròyìn dé pé ọlọ́pàá ti mú un. Ilé ọkọ gbọ́. Bàbá Sàlámì, àgbà ilé wọn, wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, a fún un lómi, kò mu.

"Àwa kì í fẹ́ ọmọ ẹlẹ́wọ̀n," ó ní. "Kí ọlọ́pàá Ìdànrè kọ ọ́ síwèé pé àwọn kò mú un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí oníkálùkù máa bá tirẹ̀ lọ."

Nítorí pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, gbogbo ilé gbà pé ọlọ́pàá ń bẹ̀rù mi. N kò bá wọn jiyàn. Èmi ni wọ́n rán.

Káríìmù yìí kan náà ló gbé ìròyìn ọ̀hún wálé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú lọ́rì rẹ̀ pé OJÚ RÍ, ẸNU DÁKẸ́. Ojú Káríìmù rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ láti Ìdànrè títí dé Ẹdẹ. Mo san ṣílè márùn-ún kí n lè jókòó níwájú lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà lórí àpò obì lẹ́yìn san mẹ́ta. Bí a ti ń jáde nílùú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo rí i, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?"

"Akọ̀wé, ojú mi méjèèjì yìí ni! Ọlọ́pàá kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n dì í mú gírígírí. Ó ń tiraka, ó ń ké pé, 'Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ lọ wá ẹlòmíràn!'"

"Èrò ńkọ́?"

"Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, ayé mà burú o, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ àjèjì."

"O ò wá dúró wo ibi tó máa já sí?"

"Kòkó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi, òjò sì ń ṣú. Àbí kí n dúró kí wọ́n mú èmi náà ni?"

Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹlẹ́rìí gidi nìyẹn. Ó mọ ẹni tó di apá ọ̀tún mú, ó mọ ohun tí ọkùnrin náà ń ké. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì títí a fi dé Iléṣà, níbi tí ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín tọ́rọ̀ ti gbé e ró díẹ̀.

Láti Àkúrẹ́ lọ, ọ̀nà di iyẹ̀pẹ̀ pupa, àwọn àpáta sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Kì í ṣe irú àpáta tí à ń sá èlùbọ́ sí nílé o. Èyí ga, orí wọn pá, wọ́n sì jókòó yí Ìdànrè ká bí àwọn àgbà ìpàdé tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ jáde. Arúgbó kan nínú ọkọ̀ nawọ́ sí ibi tí àtẹ̀gùn ti gba ara òkúta gùn lọ sókè. "Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, ìyá mi bínú fún odidi ọdún kan." Lẹ́bàá ọ̀nà, kòkó ni wọ́n sá síta níwájú ilé gbogbo, òórùn rẹ̀ kan bí ẹmu àná.

Mo wọ̀ sílé obìnrin Aládùúrà kan tó ń gba àlejò. N kò lè dárúkọ Àlàbí fún un nítorí ìtìjú. Mo kàn ní mo ní ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n kúnlẹ̀, ó mi agogo sí mi lórí, ó ní, "Gbogbo ẹ̀wọ̀n tó de ọmọ yìí, já!" Bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lòun náà ń sọ, ọwọ́ a di "ọghọ́" lẹ́nu rẹ̀. Lówùúrọ̀, nígbà tí ará Ẹdẹ máa ń mu ẹ̀kọ, iyán ló gbé ka iwájú mi, iyán tó ga bí ọ̀kan nínú àwọn òkè wọn. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ọlọ́pàá lò ń lọ bá, o fẹ́ lọ lébi?" Mo jẹ ẹ́ tán.

Àgọ́ ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí àgbà ṣì ń pè ní akóda, kò ju iyàrá méjì lọ. Sájẹ́ǹtì wọn sanra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Mo ṣàlàyé pé ìwé ni mo fẹ́, pé wọn kò mú ọkùnrin kan báyìí.

"A kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹni tí a mú la ń kọ. Bí mo bá ní kí n máa kọ ẹni tí a kò mú, gbogbo Ìdànrè ni n óò kọ, n óò sì kọ àwọn òkè mọ́ ọn. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Àlàbí, ará Ẹdẹ, ní Aládé."

Ojú rẹ̀ tàn yòò. "Àlàbí! A mú un o! Èmi gan-an ni mo mú un!"

Mo wá àga, mo jókòó.

"Ṣé ó bá yín jà?"

"Ó jà! Ẹ wo ìka mi, ó gé e jẹ. Abẹ́ agbọ̀n kòkó la ti fà á jáde."

"Ta ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

"Gbogbo àwọn àlejò tó wà lóko ni. Wọ́n ní òun ni, kò sí ẹlòmíràn."

"Ọdún mélòó ni wọ́n wá dá fún un?"

"Ọdún mélòó kẹ̀? Títí ayé ni!"

"Títí ayé?"

"Àyàfi tó bá kú."

Mo rántí Adùnkẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n rí i? Níbo lẹ tì í mọ́?"

"Tì í mọ́ báwo? Ó wà nílé rẹ̀ ní Aládé."

"Ẹlẹ́wọ̀n títí ayé, ẹ jẹ́ kó wà nílé rẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì wò mí bí ẹni tí oòrùn pa. "Ta ló dárúkọ ẹ̀wọ̀n? Oyè la mú un jẹ! Olórí gbogbo àlejò tó ń dáko níbí! Wọ́n yàn án, ó sá. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó tún sá. Ni ìjòyè tó ni ilẹ̀ bá ní ká lọ mú un wá, kí ewé akòko má baà gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ẹ̀rín tó pa àwa méjèèjì mú kí ọlọ́pàá tó wà ní iyàrá kejì sáré wọlé. Sájẹ́ǹtì fi ìwé àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn hàn mí: olè adìyẹ, ọ̀mùtí, ẹni tó gé ìdí kòkó onílẹ̀. Kò sí Àlàbí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ ọ́ pé wọn kò mú un. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi tí mo mú un! Kí n kọ irọ́, kí n fọwọ́ sí i? Bó ṣe rí ni n óò kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Aládé, mo bá Àlàbí lórí àga, fìlà pupa lórí, ó ń dá ẹjọ́ ewúrẹ́ fún àwọn alágbàro méjì. Bó ti rí mi, ó fò dìde.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ní ẹ wà."

"Irọ́ kọ́ o!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí jẹ ẹ́, n kò rójú tó kòkó mi. Ìjà ewúrẹ́ láàárọ̀, ìjà orogún lọ́sàn-án."

"Kí ló dé tí ẹ kò ránṣẹ́ sílé?"

"Ṣé ìwọ kò mọ ilé wa ni? Gbogbo wọn ni ì bá wọ ọkọ̀ wá jẹun!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti ìdána fún un, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n dá ti ọmọ mi dúró nítorí tèmi?" Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó kọjú sí àwọn méjèèjì tó ń ṣẹjọ́. "Ẹ lọ pín in."

"Ewúrẹ́ ààyè, Bàbá?"

"Ẹ pa á kí ẹ tó pín in!"

Bí a ti jọ wọ lọ́rì, Káríìmù rí fìlà yẹn, ó gbọ́ ìtàn Sájẹ́ǹtì lẹ́nu mi, kò tijú rárá. "Ṣé mo sọ pé wọ́n mú un, àbí mi ò sọ ọ́?" Títí dé Òṣogbo ló ń sọ ọ́.

Nígbà tí a dé Ẹdẹ, Bàbá Sàlámì kò gba ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí gbọ́. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n tó bá parí ọjọ́ rẹ̀ náà ń wálé. Ó ní kí n ka ìwé. Mo kà á: "Èmi jẹ́rìí pé a mú Àlàbí ará Ẹdẹ." Bàbá Sàlámì mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ìyá Adùnkẹ́ káwọ́ lérí. Mo yára ka ìyókù: "A mú un joyè olórí àlejò ní Aládé. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn wa."

Àgbà náà fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra padà jókòó, ó ní, "Ẹ bu omi wá."

Ohun tí ọ̀nà Ìdànrè kọ́ mi ni pé ẹlẹ́rìí lè sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dúró sí, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irọ́, bó bá ti sáré kúrò níbi tí gbólóhùn kò tíì parí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé wọ́n mú lágbájá, mo máa ń dúró kí n gbọ́ ohun tí wọ́n mú un ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń sin Adùnkẹ́ lọ sílé ọkọ, obìnrin kan di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, òmíràn di apá òsì. Ìyàwó ń sunkún, èrò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Káríìmù fi ìgúnpá gún mi.

"Akọ̀wé, wọ́n tún ti mú ọ̀kan nínú ilé yín."

"Ọdún mélòó ni wọ́n dá fún un?"

Àlàbí ló dáhùn lẹ́yìn wa, ó ń fi fìlà oyè nu ojú. "Títí ayé ni," ó ní. "Títí ayé, láṣẹ Ọlọ́run."